Pásítọ̀ Àwọn Apẹja Ló Yẹ Ká Bi

Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa Caspar David Friedrich, ayàwòrán ará Jámánì tí wọ́n bí ní Greifswald lọ́dún 1774, yóò ti gbọ́ ìtàn àbúrò rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni Friedrich lọ́dún 1787 nígbà tí yìnyín orí omi já, tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì bómi lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ní Friedrich gan-an lọmọ náà fẹ́ yọ. Wọ́n á ní ìbànújẹ́ ọjọ́ yẹn ló bí àgbélébùú orí òkè, kùrukùru, àti èèyàn kan ṣoṣo tó dúró kọjú sókun nínú àwọn àwòrán rẹ̀.

Ìtàn náà wọni lára, mi ò sì ní irú ikú bẹ́ẹ̀ ò lè dunni dọjọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n ó lé lógún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí Friedrich tó gbé àwòrán Àgbélébùú Lórí Òkè jáde, níparí 1808. Kí ló wà láàárín?

Ẹ jẹ́ ká dé erékùṣù Rügen, lójú Òkun Baltic. Láti 1792 ni akéwì Ludwig Gotthard Kosegarten ti jẹ́ pásítọ̀ ìjọ Altenkirchen níbẹ̀. Bí àsìkò ẹja ṣàwá bá dé, àwọn apẹja abúlé Vitt níbẹ̀ ò lè fi etíkun sílẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ló ń tọ̀ wọ́n lọ. Ìta gbangba ló ti ń wàásù fún wọn, lẹ́bàá omi, pé iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ń fi Ọlọ́run hàn. Quistorp, tó kọ́ Friedrich ní iṣẹ́ yíyà ní Greifswald, ọ̀rẹ́ Kosegarten ni; Kosegarten fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó tètè ra iṣẹ́ Friedrich.

Ẹ tún wo ayàwòrán Philipp Otto Runge. Òun náà wá Ọlọ́run lọ sínú òdòdó àti ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, láìsí yìnyín kankan nínú ìtàn tirẹ̀. Ta ló kọ́ ọ nílé ìwé ní Wolgast? Kosegarten yìí náà ni! Nígbà tí wọ́n sì ń kọ́ ilé àdúrà fún àwọn apẹja Vitt, Runge ló ya Pétérù lórí omi fún pẹpẹ rẹ̀, àwòrán tó wà ní Hamburg lónìí.

Ní 1809, Ramdohr, ẹni tó ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà, bínú sí Àgbélébùú Lórí Òkè, pé wọ́n ń gbé àwòrán òkè àti igi sórí pẹpẹ. Friedrich ṣàlàyé ara rẹ̀ lọ́dún náà: àpáta ni ìgbàgbọ́, igi tí ewé rẹ̀ kì í rọ ni ìrètí nínú Kristi. Ọ̀rọ̀ ìsìn ló sọ látòkèdélẹ̀, kò mẹ́nu kan àbúrò rẹ̀.