Iṣan Tó Bẹ́ Nínú Ikùn: Láti Ọ̀dọ̀ Einstein Dé Ọ̀dọ̀ Tony Allen

Bóyá inú dánfó lẹ ti ń ka èyí, bóyá orí ibùsùn lẹ wà tí wọ́n sì ti mú iná lọ, ẹ bá wa jókòó díẹ̀. Ohun tí a sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó láti gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2020, Èkó wà ní títì pa. Kòrónà ti lé gbogbo wa wọlé, Ìkòròdú Road dá páropáro láti Fádèyí dé Onípàánù bíi ti ọjọ́ ìdìbò. Orí fóònù ni ìròyìn ti bá wa: Tony Allen ti kú ní Párísì, lẹ́ni ọdún 79. Lásìkò yẹn, tí wọ́n bá ti ní àgbàlagbà kan kú, kòrónà lèèyàn máa kọ́kọ́ rò. Kì í ṣe òun. Eric Trosset, tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, sọ fún àwọn oníròyìn pé ara ọkùnrin náà le, pé òun bá a sọ̀rọ̀ ní aago kan ọ̀sán. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà, àìsàn ti dé, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù Georges Pompidou, ibẹ̀ ló sì kú sí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn rẹ̀ tó wú ló pa á.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n: ọmọ Èkó ni, 1940 ni wọ́n bí i. Òun ló ń lu ìlù fún Fẹlá láti 1964, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣì ń jẹ́ Koola Lobitos, títí di 1979. Kò jìnnà sí wa rárá. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Ṣómólú, tẹ́ ẹ sọdá Ìkòròdú Road, tẹ́ ẹ gba Múṣin lọ sí Ìdí-Òro, ẹ ti dé àdúgbò tí Shrine àtijọ́ wà. Ẹ̀yin ọmọ Bàrígà tí ẹ ń fi Olamide yangàn, ẹ má gbàgbé ẹni tó kọ́kọ́ lu ọ̀nà yẹn sílẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìlù kọ́ la bá wá. Ọ̀rọ̀ iṣan yẹn ni.

Nínú gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lára, ọ̀kan wà tó tóbi jù, aorta ni àwọn dókítà ń pè é. Inú ọkàn ló ti jáde, á gba àyà sọ̀kalẹ̀, á fara ti eegun ẹ̀yìn lọ sísàlẹ̀, tó bá dé bí ìdodo á pín sí méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ òsì. Nínú ikùn, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, pàápàá lára ọkùnrin tó ti lé ní 65, tó ti fa sìgá rí tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ògiri iṣan náà lè rọ̀ níbì kan, kó sì máa wú síta. Ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ dánfó èyíkéyìí: táyà tó ti yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣì lè gbé èrò dé Ọ̀ṣòdì kó sì gbé wọn bọ̀. Kò ní dún, kò ní ké. Ọjọ́ tó bá bẹ́ ni gbogbo ayé máa mọ̀. Tí iṣan náà bá dé sẹ̀ǹtímítà 3, wọ́n á ní ó ti wú. Tó bá dé 5.5 lára ọkùnrin, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa ń dábàá. Tó bá wá bẹ́, nínú èèyàn mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́jọ ló ń kú, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í dé ọsibítù.

Albert Einstein ló ṣeé ṣe kó jẹ́ aláìsàn tó gbajúmọ̀ jù nínú ìtàn àrùn yìí. Ó ti pẹ́ tí inú ti máa ń run ún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1948, Rudolf Nissen, oníṣẹ́ abẹ tí òun náà wá láti Jámánì, la inú rẹ̀ ní ọsibítù kan ní Brooklyn. Aorta ló bá níbẹ̀, ó ti wú tó ọsàn gíréèpù. Lọ́dún yẹn, kò tíì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí Nissen ṣe ni pé ó fi cellophane, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà lára páálí sìgá, wé iṣan náà, kí ara lè bá ọ̀rá yẹn jà, kó sì so àpá líle yí i ká. Ọgbọ́n àìrójútùú ni, àmọ́ Einstein fi lo ọdún mẹ́fà ó lé.

Ní oṣù Kẹrin 1955, ìrora náà padà. Àwọn dókítà kan fura sí àpò òróòro. Frank Glenn, oníṣẹ́ abẹ láti New York, wá bá a pé òun lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Einstein kọ̀, ó ní òun ti ṣe ìwọ̀n tòun láyé, kò wu òun kí wọ́n máa fi ọgbọ́n fa ẹ̀mí gùn. Ọjọ́ 18 oṣù náà ló kú, lẹ́ni ọdún 76, nígbà tí wọ́n sì yẹ òkú rẹ̀ wò, aorta ló bẹ́. Títí dòní, tí iṣan yìí bá bẹ́ tó sì ń ṣe bí àìsàn àpò òróòro, orúkọ Einstein làwọn dókítà fi ń pe àmì yẹn.

Kí nìdí tí Glenn fi lè dá irú àbá yẹn ní 1955? Nítorí pé ayé ti yí láàárín ọdún díẹ̀. Ní 1951, ní Párísì kan náà tí Tony Allen wá kú sí, Charles Dubost gé aorta tó wú kúrò, ó sì fi iṣan tí wọ́n gbà lára òkú rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ ibo lèèyàn ti máa rí iṣan òkú lójoojúmọ́?

Aṣọ ló yanjú ẹ̀. Ìtàn tí Michael DeBakey fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé òun wọ ilé ìtajà ńlá kan ní Houston láti ra nylon. Nylon ti tán. Wọ́n ní Dacron ló kù, aṣọ polyester tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó rà á, ó gbé e délé, ó gé e, ó sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ rán an bí ọ̀pá. Ẹ̀yin télọ̀ Ṣómólú, ṣé ẹ gbọ́? Ohun tó ń gba ẹ̀mí àwọn bàbá là káàkiri ayé, orí máṣíìnì bíi tiyín ló ti bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ọkàn wọn kò lè gba kí wọ́n la ikùn wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1990, ní Buenos Aires, Juan Parodi ká aṣọ náà mọ́ wáyà, ó tì í gba inú iṣan itan gòkè, ó sì ṣí i sílẹ̀ nínú aorta láìla ikùn. Nicholas Volodos ti ṣe irú ẹ̀ fún ti inú àyà ní Kharkiv ní 1987, àmọ́ ayé kò tètè gbọ́ tirẹ̀.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2005, DeBakey wà nílé, ẹni ọdún 97, ni ìrora bá gbá a mú láyà. Ó mọ ohun tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀: ògiri aorta tòun náà ti ya. Òun ló dá iṣẹ́ abẹ àrùn yẹn sílẹ̀ láwọn ọdún 1950! Kò kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Nígbà tó yá, kò mọ ibi tó wà mọ́, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ lọ́sibítù, nítorí àwọn kan kò fẹ́ kí wọ́n gbé abẹ lé arúgbó ọdún 97. Wọ́n ṣe é ní oṣù Kejì 2006, ó yè é, ó sì lo ju ọdún méjì lọ kó tó kú ní 2008.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ká sọ pé bàbá kan ní Ladi-Lak, ẹni ọdún 72, dìde lálẹ́ Sátidé, ó ní ẹ̀yìn àti inú ń ro òun, òógùn tútù bò ó, ojú rẹ̀ ń ṣú. Kí la máa ń kọ́kọ́ sọ? Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ọ́lsà ni, mo ti ní kí wọ́n dín ata kù. Ẹlòmíì á ní wọ́n ti ta bàbá lọ́fà. Ẹnì kan á sáré lọ ra Alábùkún, tí Jacob Ọdúlátẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1918. Oògùn orí fífọ́ ni, mi ò bá a jà, àmọ́ aspirin wà nínú rẹ̀, aspirin kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sí nínú ikùn, ìyẹn kọ́ ló nílò.

Ká má dá ara ilé nìkan lẹ́bi. Àwọn dókítà náà ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dí wọn lójú: “ó ṣọ̀wọ́n.” Òótọ́ ni pé wíwú aorta ṣọ̀wọ́n lára àwa aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ. Ní 1971, Painter àti Denis Burkitt, tó ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọdún pípẹ́ ní Uganda, kọ̀wé pé àrùn àwọn àpò kéékèèké tó ń yọ lára ìfun àgbàlagbà, oúnjẹ òyìnbó ló ń fà á, pé kò wọ́pọ̀ ní Áfíríkà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Àmọ́ àwọn tó jẹ èlùbọ́ àti ewédú ní 1971 kọ́ ló ń ra Indomie àti búrẹ́dì ní Bàrígà lónìí, àwọn bàbá wa tó ń dàgbà sì ti pọ̀ sí i. Àrùn tí a kò wá, ó dájú pé a kò ní rí i.

Ara arúgbó náà kì í ràn wá lọ́wọ́. Ìfun lè lọ́, ìpá lè há, kí ibà má sì gbóná, kí ikùn má sì le tó bó ṣe yẹ. Èyí tó burú jù ni ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan tó ń bọ́ ìfun, pàápàá lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège: bàbá á máa pariwo ìrora, dókítà á tẹ ikùn, á bá a ní rírọ̀, á rò pé bàbá ń ṣe àṣejù ni. Ìrora ńlá lórí ikùn tó rọ̀, ìyẹn gan-an ni àmì.

Nítorí náà, ìrora inú tàbí ẹ̀yìn tó dé lójijì sára ẹni tó ti lé ní 60, tó sì fẹ́ dákú, kì í ṣe ohun à ń fi àgbo dúró dè. Ọsibítù tó ní oníṣẹ́ abẹ ni: Gbàgádà wà nítòsí, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 tàbí 112. Ẹ sọ fún wọn pé, “Ẹ bá wa wo aorta rẹ̀.” Ohun kan tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé tí wọ́n bá fura pé ó ti bẹ́, wọn kì í sáré fi omi dríìpù gbé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sókè pátápátá. Tó bá ṣì mọ èèyàn tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n á jẹ́ kó wà nílẹ̀ díẹ̀ títí abẹ á fi dé ibẹ̀, nítorí agbára ẹ̀jẹ̀ lè tún ojú ibi tó ti ń dí ya.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ tó ń rí i kó tó bẹ́ kò jìnnà sí wa. Ultrasound ni, ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n fi ń wo aboyún. Ẹ rìn láti Fọlá Àgòrò dé Ilàjẹ, ẹ ka iye pátákó “Scan” tí ẹ máa rí. Ìyá tó lóyún ló kún bẹ́ǹṣì iwájú wọn, bàbá kankan kì í sí níbẹ̀. Kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti wọn iṣan yẹn. Ní England, láti 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ọkùnrin ní ọdún tó bá pé 65, pé kó wá fi ikùn rẹ̀ hàn, nígbà tó sì máa fi di 2013, ètò náà ti kárí gbogbo ilẹ̀ náà. Bàbá tó kúrò ní Bàrígà lọ sí Peckham ń rí lẹ́tà yẹn gbà. Àbúrò rẹ̀ tó kù sí Jagunmólú, ẹnu ọmọ rẹ̀ nìkan ló ti lè gbọ́ ọ.