Ìdànrè: Ilẹ̀ Àpáta, Igbó Kòkó àti Àwọn Ènìyàn Rẹ̀

Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdànrè wà ní ìhà gúúsù Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 1,914 níbùú lóòró. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé ènìyàn 129,024 ni ó ń gbé ibẹ̀. Bí a bá pín wọn káàkiri ilẹ̀ náà, wọn kò tó àádọ́rin lórí kìlómítà kan níbùú lóòró. Ìdí nìyí tí a fi ń kà á mọ́ àwọn ìgbèríko wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìnnà sí olú-ìlú.

Bí ilẹ̀ náà ti rí

Àpáta ni ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ yóò kọ́kọ́ rí. Àwọn òkè náà ga tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ẹ́dógún (3,000) ẹsẹ̀ bàtà sókè ìtẹ́jú òkun. Akọ òkúta ni wọ́n. Láti inú ilẹ̀ jíjìn ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, kí ojò àti oòrùn tó fọ erùpẹ̀ orí wọn lọ. Àfonífojì wà láàárín wọn, omi sì ń ṣàn níbẹ̀. Bí a bá kọjá àwọn òkè yìí sí ìhà gúúsù àti ìlà oòrùn, ilẹ̀ á tẹ́jú, a ó sì wọ inú igbó kìjikìji tí ó lọ títí dé ìhà Ìpínlẹ̀ Edo.

Ìlú orí òkè

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá Ìdànrè ti wá, àti pé Agboògùn wà lára àwọn tí ó ṣáájú wọn dé ibẹ̀. Títí di òní ni a ń fi ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta han àlejò, tí a ń pè ní ojú ẹsẹ̀ Agboògùn. Orí òkè jẹ́ odi fún wọn: ọ̀tá tí ó bá ń gun àpáta bọ̀ kò lè fara pamọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé fún ọ̀pọ̀ ìran, lábẹ́ àkóso Ọwá ti Ìdànrè.

Nígbà tí ogun rọlẹ̀, ohun tí ó jẹ́ ààbò tẹ́lẹ̀ di ìnira. Ìsàlẹ̀ ni oko wà, ìsàlẹ̀ náà ni ọ̀nà ọkọ̀ àti òwò wà. Ní nǹkan bí ọdún 1923 ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú tuntun dó. Ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé agogo, ojúbọ àti ibojì àwọn ará ìṣáájú ṣì wà lókè. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta (600) ni a ó gùn kí a tó dé ibẹ̀. Nígbà ọdún Orósùn, tí a ń ṣe ní oṣù Karùn-ún, òkè náà kì í ṣe ahoro. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa padà lọ.

Àwọn ìlú àti káńpù

Ìlú mẹ́ta ni a sábà máa ń dárúkọ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ìdànrè: Odòde, Aládé àti Atòṣìn. Ẹ̀ka-èdè wọn sún mọ́ ti Oǹdó. Ọ̀wẹ̀nà wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, lẹ́bàá odò tí ó fún un lórúkọ. Òfósù sì wà ní ìhà ìlà oòrùn, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Benin. Láàárín wọn ni àwọn abúlé oko tí a ń pè ní káńpù wà. Kì í ṣe ọmọ Ìdànrè nìkan ni ó ń gbé káńpù. Àwọn àlejò láti ìlú Yorùbá mìíràn àti láti ìpínlẹ̀ mìíràn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: àwọn kan ń gba owó iṣẹ́ wọn, àwọn mìíràn ń bójú tó oko kòkó olóko, wọ́n sì jọ ń pín èrè rẹ̀.

Kòkó àti igbó

Ìdànrè wà lára àwọn ibi tí kòkó ti ń jáde jù lọ ní ìpínlẹ̀ wa. Láti bí oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kìn-ín-ní ni ìkórè ńlá. A ó pa èso rẹ̀, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà kí ó lè gbóná dáadáa, kí a tó sá a sí oòrùn. Owó irú kòkó bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ayé àtijọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955.

Ṣùgbọ́n igbó ni a ń gé kí oko tó fẹ̀. Igbó ọba wà ní agbègbè yìí, ó sì wà lára ibi díẹ̀ tí ìnàkí ṣẹ́kù sí ní ìhà Gúúsù-Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Kòkó fúnra rẹ̀ kò sì lè ṣe aláìní igbó: ibòji igi ńlá àti ọ̀rinrin inú igbó ni ó ń dáàbò bò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá gé igbó tán ń ba oko ara rẹ̀ jẹ́.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007 ni orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi Òkè Ìdànrè sínú àkójọ àwọn ibi tí ó ń retí àtiwọ ìwé Ohun Àjogúnbá Àgbáyé ti UNESCO. Kí ó tó lè wọlé bí Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ti wọlé ní ọdún 2005, a gbọ́dọ̀ fi hàn pé a ń tọ́jú rẹ̀. Ilé alámọ̀ kì í pẹ́ wó bí kò bá sí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀. Bí òrùlé bá ṣí, òjò á wọ ara ògiri.

Nítorí náà, a ń rọ àwọn àlejò kí wọ́n má ṣe kọ orúkọ sára àpáta, kí wọ́n má sì ṣe hú òkúta tàbí ṣa àfọ́kù ìkòkò kúrò níbẹ̀. A ń rọ àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n ṣọ́ra fún iná sísun nígbà ọyẹ́, nítorí iná tí a dá ní oko lè gun òkè. Àwọn tí ó sọ̀ kalẹ̀ fi òkè sílẹ̀, wọn kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kí àwa náà má ṣe jẹ́ ìran tí yóò kọ̀ ọ́.