Ìyìn iléeṣẹ́ ìròyìn lórí ọgbà àtúnṣe ọmọ l'Amẹ́ríkà: Ohun tí kámẹ́rà kò fi han òbí

Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ọgbà kan wà tí òbí máa ń fi ọmọ tó ti kọjá agbára wọn sí. Ọmọ tó ń mu igbó, tó ń sá nílé ìwé, tàbí tó ti gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ni wọ́n ń mú lọ síbẹ̀. Àwọn kan wà nínú ilé ńlá, àwọn kan wà nínú oko ẹran ọ̀sìn, àwọn mìíràn sì jẹ́ inú aginjù, níbi tí ọmọ yóò ti máa pọn ẹrù rìn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìpínlẹ̀ Utah wà lára ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀rù yìí ló máa ń ba òbí. Nígbà tí tẹlifíṣàn tàbí ìwé ìròyìn bá wá yin ọgbà kan, òbí á gbà pé wọ́n ti yẹ ibẹ̀ wò fínnífínní. Ìtàn fi hàn pé ìyìn sábà máa ń ṣáájú àyẹ̀wò.

SYNANON NI ÌPÌLẸ̀

Charles Dederich ló dá ẹgbẹ́ Synanon sílẹ̀ ní California lọ́dún 1958 fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn olóró. Wọn a jókòó yíká, wọn a sì máa bú ẹnìkan láàárín wọn kíkankíkan. Wọ́n gbà pé èyí ni yóò tún ìwà rẹ̀ ṣe. Ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán wọn jáde lọ́dún 1962, sinimá sì jáde lórí wọn lọ́dún 1965. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1978, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà fi ejò olóró sínú àpótí lẹ́tà Paul Morantz, agbẹjọ́rò tó ń bá wọn ṣẹjọ́. Ejò náà bù ú ṣán, orí ló kó o yọ. Ìwé ìròyìn kékeré kan, Point Reyes Light, wà lára àwọn tó tú àṣírí ẹgbẹ́ náà, ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún 1979 nítorí iṣẹ́ náà.

AYA ÀÀRẸ ÀTI ỌMỌỌBA

Irú ọ̀nà ìbúni bẹ́ẹ̀ kò parẹ́. Ó wà nínú ètò Straight, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Florida lọ́dún 1976 fún àwọn ọ̀dọ́. Nancy Reagan, aya Ààrẹ Amẹ́ríkà, ṣàbẹ̀wò sí wọn lọ́dún 1982. Lọ́dún 1985, òun àti Ọmọọba Diana ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ lọ sí ẹ̀ka wọn ní Virginia, àwọn akọ̀ròyìn sì rọ́ tẹ̀lé wọn. Bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1983, ìyẹn ọdún méjì ṣáájú àbẹ̀wò náà, kóòtù ní Virginia kan náà ti ní kí Straight san $220,000 fún ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n tì mọ́lé láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1993 ni Straight tó kógbá sílé.

TẸLIFÍṢÀN GBÀ Á ṢE

Lọ́dún 2004, Channel 4 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ètò Brat Camp, nínú èyí tí wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wọn lọ sí aginjù Utah. ABC ti Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2005 pẹ̀lú ọgbà SageWalk ní Oregon. Òǹwòran rí ọmọ tó wọlé pẹ̀lú ìbínú, tó sì jáde pẹ̀lú omijé ìrònúpìwàdà. Lọ́dún 2009, ọmọkùnrin ọdún 16 kan kú nínú ìrìn aginjù SageWalk, ọgbà náà sì pa.

Phil McGraw, tí ètò rẹ̀ Dr. Phil parí lọ́dún 2023, máa ń rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Turn-About Ranch ní Utah. Danielle Bregoli, tó lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tó fara hàn lórí ètò náà lọ́dún 2016, sọ ní gbangba lọ́dún 2021 pé wọ́n fìyà jẹ òun níbẹ̀.

ÌDÍ TÍ AKỌ̀RÒYÌN FI Ń ṢÌNÀ

Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn alákòóso ọgbà ló ń yan ọmọ tí akọ̀ròyìn yóò bá sọ̀rọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà, wọ́n ń ka lẹ́tà ọmọ kó tó jáde, wọ́n sì ń tẹ́tí sí ohun tó ń sọ lórí fóònù. Bó bá ráhùn, wọn a sọ fún òbí pé irọ́ ló ń pa kó lè padà sílé. Ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n tètè dá òun sílẹ̀ yóò yin ọgbà níwájú kámẹ́rà. Òótọ́ ni pé àwọn kan tó jáde níbẹ̀ sọ tọkàntọkàn pé ó gba ẹ̀mí wọn là, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹnìkan kò lè dúró fún ti gbogbo ọmọ.

OHUN TÍ ÌJỌBA ṢE

Ọ́fíìsì tó ń ṣèwádìí fún ilé aṣòfin àpapọ̀ gbé àbọ̀ jáde lọ́dún 2007. Àbọ̀ náà sọ pé lọ́dún 2005 nìkan, ìpínlẹ̀ 33 ròyìn òṣìṣẹ́ 1,619 tí ọ̀rọ̀ ìfìyàjẹni kàn ní àwọn ibùgbé ìtọ́jú ọ̀dọ́. Ó tún yẹ ikú ọ̀dọ́ mẹ́wàá wò, tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1990 sí 2004.

Lọ́dún 2020, gbajúmọ̀ obìnrin nì, Paris Hilton, sọ nínú fíìmù kan pé wọ́n fìyà jẹ òun ní Provo Canyon School ní Utah nígbà tí òun jẹ́ ọ̀dọ́. Àwọn alákòóso ní ilé ìwé náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́dún 2000, àwọn kò sì lè sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ṣáájú ìgbà náà. Lọ́dún 2021, Utah ṣe òfin pé kí ìjọba máa yẹ àwọn ọgbà náà wò lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, kí ọmọ sì máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tó pàṣẹ ìwádìí lórí irú ibùgbé bẹ́ẹ̀. Òfin náà kò ti ọgbà kankan pa.

Nítorí náà, kí òbí tó fọwọ́ síwèé, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó bi ọgbà tí tẹlifíṣàn yìn: Ta ló fún yín ní ìwé àṣẹ? Ìgbà wo ni ìjọba yẹ̀ yín wò kẹ́yìn, kí ni wọ́n sì rí? Ṣé ọmọ mi lè pè mí láìsí ẹni tó ń gbọ́? Ọgbà tí kò bá lè dáhùn ìkẹta, ìyìn inú ìwé ìròyìn kò lè dáhùn rẹ̀ fún un.