Albert E. Brumley àti Ọjà Ìwé Orin ní Gúúsù Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1905 ni wọ́n bí Albert Edward Brumley nítòsí Spiro, ní ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Choctaw, èyí tó di ara ìpínlẹ̀ Oklahoma ní ọdún 1907. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin òwú, onílẹ̀ a sì gba ìpín tirẹ̀ nínú ìkórè.

Láyé ìgbà náà, ìwé ni ọ̀pọ̀ ará oko fi ń mọ orin tuntun. Olùkọ́ orin a máa ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn, a kó tọmọdé tàgbà jọ sí ilé ìjọsìn, a sì kọ́ wọn fún ọjọ́ mélòó kan. Àmì orin tí wọ́n ń lò ní ìrísí méje: ti do ní igun mẹ́ta, ti sol rí roboto, ti la ní igun mẹ́rin. Ẹni tó bá ti dá ìrísí wọ̀nyí mọ̀ lè gbé ohùn tirẹ̀ láìmọ dùùrù rárá. Nítorí pé àwọn akọrin ń fẹ́ orin tuntun ṣáá, àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ń gbé ìwé orin tuntun jáde lọ́dọọdún, wọ́n sì nílò àwọn tí yóò máa kọ orin sínú wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ni Hartford Music Company ní ìpínlẹ̀ Arkansas, tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́ orin tirẹ̀. Eugene Monroe Bartlett ni ọ̀gá ibẹ̀. Nígbà tí Brumley dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1926, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó san owó ẹ̀kọ́. Bartlett gbà á wọlé bẹ́ẹ̀, ó sì fún un ní ibùgbé nínú ilé ara rẹ̀.

Ní ọdún 1929, Brumley wà ní oko bàbá rẹ̀ ní Rock Island, Oklahoma, ó ń já òwú. Orin kan tó gbajúmọ̀ láti ọdún 1924, “The Prisoner's Song”, ló ń kùn lẹ́nu. Nínú orin náà, ẹlẹ́wọ̀n kan ń fẹ́ ní ìyẹ́ kí ó lè fò kúrò lẹ́wọ̀n. Brumley yí èrò yìí padà: ayé di ọgbà ẹ̀wọ̀n, ikú di ìtúsílẹ̀. Orin tó tibẹ̀ jáde ni “I'll Fly Away”. Ó fẹ́ Goldie Schell ní ọdún 1931, ìyàwó rẹ̀ yìí ló sì rọ̀ ọ́ pé kí ó fi àwọn orin rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Hartford tẹ “I'll Fly Away” jáde ní ọdún 1932.

Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, owó òwú sì ti já wálẹ̀ pátápátá. Orin Brumley bá àwọn tí ìṣòro yìí dé bá mu, nítorí ọ̀rọ̀ ilé, ìpínyà àti ìpàdé lọ́run ló kún inú rẹ̀, lédè tí àgbẹ̀ ń sọ. Láti ìlú kékeré Powell ní Missouri ló ti kọ “Turn Your Radio On” ní ìparí àwọn ọdún 1930, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ẹlẹ́ni mẹ́rin ti ń fi rédíò polówó ìwé orin. Ó kọ orin fún ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Stamps-Baxter ní Dallas pẹ̀lú.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ta orin fún àwọn atẹ̀wé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí orin náà ti tán. Ìyẹn ló mú kí ọdún 1948 ṣe pàtàkì: Brumley ra Hartford Music Company fúnra rẹ̀, àwọn orin tó ti tà tẹ́lẹ̀ sì padà di tirẹ̀. Lójú tèmi, ọgbọ́n yìí kò kéré sí orin kankan tó kọ. Àkókò tí èrè orin ń ṣí kúrò nínú ìwé bọ́ sínú àwo ló ṣe é. Ní ọdún 1960, àwọn akọrin tí ń jẹ́ Stanley Brothers gba orin rẹ̀ “Rank Strangers to Me” sínú àwo, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn orin tí a fi mọ̀ wọ́n jù lọ.

Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn akọrinsílẹ̀ ọlọ́lá ní Nashville ní ọdún 1970, àti ti àwọn olórin ìhìnrere ní ọdún 1972. Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù Bélú ọdún 1977, ní ẹni ọdún 72. Orin tó kọ lé ní ẹgbẹ̀ta.