CNG

Gáàsì abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà fún ọkọ̀ wíwà ni CNG. Methane ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kì í ṣe gáàsì ìdáná, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń pe méjèèjì ní ọ̀kan náà: bí CNG bá jò, òkè ló ń gbà, nítorí ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, gáàsì ìdáná a máa rà nílẹ̀. Ìfúnpọ̀ inú sílíńdà ń tó 200 bar, nǹkan bí ìlọ́po 90 ti táyà ọkọ̀ kékeré. Irin rẹ̀ nípọn, ó sì ń gba àyè. Ẹni tó bá gbé e sí búùtù takisí, kó má retí ẹrù púpọ̀ mọ́. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà pàṣẹ ní 1998 pé kí bọ́ọ̀sì Delhi máa lo CNG. Ní Nàìjíríà, ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní 2023 ni ariwo rẹ̀ gbòde.