Àwọn Ilẹ̀kùn tí ó Ṣí fún Òǹkọ̀wé Yorùbá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń sọ, tí kì í dùn mọ́ mi nínú. Bí a bá ní kí wọn kọ ìtàn ìlú wọn sílẹ̀, wọn a ní, "Ta ni yóò kà á? Níbo ni a ó ti tẹ̀ ẹ́? Àwọn tí a bí iṣẹ́ ìwé kíkọ mọ́ ni ó lè ṣe é." Àwọn olùkọ́ mìíràn pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a bi ìtàn léèrè: báwo ni àwọn tí ó ti kọ̀wé ní èdè Yorùbá ṣe rí ọ̀nà? Ṣé a bí i mọ́ wọn ni, tàbí ilẹ̀kùn kan ni ó ṣí, tí wọ́n sì wọlé?

Kí ilẹ̀kùn tó lè ṣí, ó di dandan kí èdè wa kọ́kọ́ di ohun tí a lè kọ sílẹ̀. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, ó sì ṣe ìsìn ní èdè náà ní Freetown ní ọdún 1844. Lẹ́yìn èyí ni Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Ìwé Ìròhìn sì jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859. Owó ẹyọ 120 ni a ń tà á. Òun ni ìwé ìròhìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ọ̀rọ̀ ìjọ, ọ̀rọ̀ òwò, ìbí àti ikú, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: ẹni tí ó ti rò pé ìwé jẹ́ ohun àwọn ará òkè òkun nìkan, ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó sì rí orúkọ ìlú ara rẹ̀ lára pépà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò pẹ́ ní ṣíṣí. Ní ọdún 1867 ni ìrúkèrúdò tí a ń pè ní Ifọ́le ṣẹlẹ̀. A lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò ní Abẹ́òkúta, a ba ilé ìtẹ̀wé jẹ́, Ìwé Ìròhìn sì dákẹ́. Nígbà tí ọdún 1888 dé ni Ìwé Ìròhìn Èkó tó jáde ní Èkó. Ẹ kíyèsí i pé ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, bí ó bá tì, gbogbo ènìyàn ni ó dúró síta.

Ohun tí ó dé bá Samuel Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, yóò tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa sí i. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìtàn àwọn Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà ilẹ̀ wa ni ó ti gbà á. Ó parí iṣẹ́ náà ní ọdún 1897, a sì fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí a lè tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀ ni ìwé náà ti sọnù. Ní ọdún 1901 ni ó kú, kò sì fi ojú rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Arákùnrin rẹ̀, oníṣègùn Obadiah Johnson, ni ó ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, tí ó sì tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òun náà fi í ránṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1916, ogun ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lójú òkun, wọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, Obadiah pẹ̀lú sì ti sùn nínú Olúwa ní ọdún tí ó ṣáájú. Ọdún 24 ni ó wà láàrin ìgbà tí a kọ́kọ́ parí rẹ̀ àti ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Láti ọdún 1922 ni ilẹ̀kùn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí ṣí lẹ́sẹẹsẹ, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tìkára wọn ni ó sì ṣí i. Adéoyè Dẹ́nígà bẹ̀rẹ̀ Èkó Àkéte ní ọdún náà, E. A. Akíntàn tẹ̀ lé e pẹ̀lú Elétí Ọfẹ ní ọdún 1923. Ní Ìbàdàn, D. A. Ọbasá dá Yoruba News sílẹ̀ ní ọdún 1924. Nínú ìwé ìròhìn yìí ni ó ti ń tẹ ewì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kó wọn jọ sí ìwé kan ní ọdún 1927. Ní Èkó, I. B. Thomas, tí ó ni Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1929 sí tẹ àwọn lẹ́tà kan, bí ẹni pé obìnrin kan tí a ń pè ní Sẹ̀gilọlá, tí ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣòfò nínú ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ni ó ń kọ wọ́n láti orí àkéte àìsàn. Àwọn òǹkàwé ń dúró de ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, àwọn mìíràn sì ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1930 ni àwọn lẹ́tà náà di ìwé.

Lẹ́yìn náà ni ìdíje dé. Ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé kan ní London tí ń ṣètọ́jú èdè Áfíríkà fi ẹ̀bùn lélẹ̀ fún ìwé tí a bá kọ ní èdè ilẹ̀ wa. Pita Nwana, ọmọ Ìgbò tí ó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, gba ẹ̀bùn náà, ìwé rẹ̀ Omenuko sì jáde ní ọdún 1933. Ní ọdún 1936, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba kéde ìdíje ìwé kíkọ. Olùkọ́ kan ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, Daniel Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí a bí ní ọdún 1903, fi ìtàn kan ránṣẹ́. Ilé ìtẹ̀wé CMS tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1938: òun ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀.

Ǹjẹ́, ṣé ìdíje ni ó sọ Fágúnwà di òǹkọ̀wé? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni í ṣe bí ẹ̀yin, ó ń kọ́ni, ó sì ń tọ́ ọmọ sọ́nà. Kí ìkéde tó jáde ni òwe àti àlọ́ ti kún inú rẹ̀. A sì ń rí ojú Bíbélì nínú iṣẹ́ rẹ̀, àti ti ìtàn arìnrìn-àjò John Bunyan tí David Hinderer túmọ̀ sí Yorùbá. Ìdíje kò fún un ní ìtàn. Ó fún un ní ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ parí rẹ̀, àti ẹni tí yóò kà á. Mélòó ni ó gbọ́ ìkéde kan náà, tí kò ní ohunkóhun nínú àpótí láti fi ránṣẹ́!

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tan ara wa: kò sí ilẹ̀kùn tí kò ní aṣọ́nà. Ilé-ìwé àti ilé ìtẹ̀wé ìjọ ń béèrè ẹ̀kọ́ rere, nítorí náà ni ìwé tí ó gba ibẹ̀ jáde ṣe kún fún ìmọ̀ràn. Ìwé ìròhìn ń béèrè ohun tí yóò tà, nítorí náà ni Sẹ̀gilọlá ṣe lè ráyè sọ ohun tí a kì í sọ ní kíláàsì. Ibi tí ilẹ̀kùn bá ti jẹ́ ọ̀kan, ohùn kan náà ni a ó máa gbọ́. Ó sàn kí ilẹ̀kùn pọ̀.

Èmi fúnra mi jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá arúgbó kan wà nínú ìjọ tí mo ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀, tí ó mọ ẹkún ìyàwó ìlú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sọ fún un pé n óò mú ìwé àti kálàmù wá kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ yára o, bàbá ìjọ." Mo ní lẹ́yìn ìkórè. Kí ìkórè tó dé ni a ti sin ín. Kì í ṣe àìsí ilé ìtẹ̀wé ni ó pa ẹkún náà run. Ọ̀lẹ mi ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé Fágúnwà tìkára rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbàlagbà kan tí ó wá bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ, tí ó ní kí ó mú kálàmù kí ó kọ ohun tí òun yóò sọ. Mo ti ka ìwé náà léraléra, n kò sì fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ yìí títí ó fi pẹ́ jù.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè ṣí ilẹ̀kùn kékeré láìdúró de ìjọba. Ẹ yan ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ìparí sáà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde ka ohun tí ó kọ níwájú àwọn òbí rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀bùn lélẹ̀, ìbáà ṣe ìwé kíkà kan, fún ẹni tí ó bá kọ ìtàn ìdílé rẹ̀ jùlọ. Ẹ kó èyí tí ó dára jọ, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ méjì pamọ́ sí ibi méjì. Ẹ rántí Johnson. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe dúró de ìkéde. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà yín nígbà tí ohùn wọn ṣì já geere. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí ó bá nǹkan lọ́wọ́ yín.