Àrùn tó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé, àti dókítà Ìbàdàn tó bá a jà



Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bá ṣàdédé wú, tí kò sì lọ, àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ló para pọ̀ di ara wa, bí bíríkì ṣe ń di ilé. Kí ọmọ tó dàgbà, sẹ́ẹ̀lì á ṣe àdàkọ ìwé àṣẹ inú rẹ̀, á wá pín sí méjì. Àṣẹ kan ń ní kó pín, òmíràn ń ní kó dúró, bí iná àti bíréèkì zémidjan. Bí bíréèkì bá já, tí sẹ́ẹ̀lì ń pín láìdúró, jẹjẹrẹ nìyẹn.

Ní 1957, ní Kampala, dókítà Denis Burkitt rí ọmọ kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lọ́tùn-ún lósì. Ó kọ̀wé nípa àrùn náà ní 1958. Ó wá hàn pé ibi tí ibà ẹ̀fọn ti pọ̀ ló ti wọ́pọ̀, ilẹ̀ tiwa náà sì wà níbẹ̀. Ní 1964, Epstein, Achong àti Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ní 1982, a mọ̀ pé apá kan nínú ìwé àṣẹ yẹn, tí wọ́n ń pè ní MYC, ti ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, ó wá ń pàṣẹ "pín, pín" láìsinmi. Kókó náà lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Ibi tó ti kàn wá nìyí. Ní UCH Ìbàdàn, láàárín ọdún 1960 sí 1970, Victor Anomah Ngu, ọmọ Cameroon, oníṣẹ́ abẹ, fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní oògùn cyclophosphamide. Sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pín ni oògùn náà ń pa jù. Kókó ń yọ́, àwọn ọmọ kan sì yè é. Ní 1972, òun àti Burkitt wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà.

Àrùn tó ń sáré bẹ́ẹ̀ kì í dúró dè wá. Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ẹni tó ṣe é. Ó lè jẹ́ eyín lásán, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò sọ. Ẹ tètè gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn ìyá ọmọ.